Nídìí Agbada Gàrí Ni Ikọ́ Náà Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá ti ṣe nọ́ọ̀sì rí ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbà ní Ilé-Ifẹ̀ mọ̀ pé ọyẹ́ ní àwọn aláìsàn tirẹ̀. Bí Kérésìmesì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí eruku bo àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Yunifásítì tí ojú kò tó wọn mọ́, a ó ti máa múra. Òru ni wọ́n sábà máa ń gbé wọn dé. Ìyá àgbà kan á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á fọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, kò ní lè dùbúlẹ̀, kò sì ní lè sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ kó tó tún wá èémí. Àwọn ọmọ á ní, "Nọ́ọ̀sì, ara wọn le ní àná o. Ọyẹ́ yìí ló bá wọn jà." Bí ìyá bá sì kú, ohun tí wọn yóò sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá bá wọn kẹ́dùn nìyẹn: ọyẹ́ ló mú un lọ.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Nínú gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà fi yé mi, ọ̀kan wà tí n kò lè gbé mì. Ikú tó dé lóru ọyẹ́ kan ti ń bọ̀ láti ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nídìí ààrò. Eruku ọyẹ́ wá bá a parí iṣẹ́ ni. Bí a kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, a ó máa sin àwọn ìyá wa lọ́dọọdún, a ó sì máa dá ojú ọjọ́ lẹ́bi.

Àrùn tí mò ń sọ ni àwọn dókítà ń pè ní COPD. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ohun tó bá sì ti bàjẹ́ níbẹ̀ kì í padà sípò. Ó máa ń jọ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó sì máa ń jọ asthma, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lo oògùn ohun tí kò ṣe wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó pa ènìyàn 3.5 mílíọ̀nù ní ọdún 2021, òun sì ni ó wà ní ipò kẹrin nínú àwọn ohun tó ń pa ọmọ aráyé jù lọ. Nínú àwọn tó ń pa kí wọ́n tó pé 70 ọdún, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí, irú tiwa.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé sìgá ń fà á. Ìwé tí a fi ń gba aláìsàn wọlé níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní àyè fún un: ṣé ẹ ń mu sìgá, láti ọdún wo, mélòó lóòjọ́? Ìyá Ifẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Ìyá Ìjọ tàbí Àlàájà, kí ló kàn án kan sìgá? A ó kọ "rárá" síbẹ̀, ó parí. Dókítà àgbà kan, obìnrin ni, ló sọ fún wa pé ká máa bèèrè nǹkan mìíràn. "Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n fi ń dáná. Ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n ti ń dá a. Ẹ bi wọ́n ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bèèrè. Ọ̀kan á ní láti kékeré lòun ti ń dín gàrí. Òmíràn ń yan ẹja tà. Òmíràn ti lo ayé rẹ̀ ní ẹbu, ó ń se ẹyìn. Òmíràn ń din àkàrà ní ẹnu ilé láàárọ̀ àti ní alẹ́, èédú ló ń lò nígbà tí owó epo òyìnbó ti kọjá agbára rẹ̀. Wọn kò fi sìgá kan ẹnu rí, ṣùgbọ́n èéfín tí wọ́n ti fà sí àyà kò kéré.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èéfín yìí díẹ̀, nítorí ohun tó ń ta wá lójú kọ́ ló burú jù nínú rẹ̀. Eérú tó tóbi, irun imú á dá a dúró, ikọ́ á gbé ìyókù jáde. Èyí tó ń pani ni èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí ẹyọ rẹ̀. PM2.5 ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un, torí pé ìbú rẹ̀ kò ju máíkírómítà 2.5 lọ. Irun orí ènìyàn tó nǹkan bí 70. Bí a bá to nǹkan bí ọgbọ̀n irú eruku yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìbú irun kan ṣoṣo ni wọn yóò dé. Èyí ni imú kò lè mú. Á kọjá ní ọ̀fun, á sọ̀kalẹ̀ dé àwọn àpò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Òmíràn nínú rẹ̀ á tilẹ̀ bá ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ara á dìde láti bá a jà. Ìjà náà kì í tán, torí pé lọ́la ààrò á tún jó. Ọ̀nà èémí á wú, á máa ṣe kẹ̀lẹ̀bẹ̀, á nípọn, á sì fún. Ògiri àwọn àpò kéékèèké yẹn á máa ya mọ́ ara wọn. Nígbà tó bá yá, aláìsàn á rí èémí fà sínú, ṣùgbọ́n kò ní lè lé e jáde tán kí òmíràn tó wọlé. Afẹ́fẹ́ tó ti lò á há sí i láyà. Ẹ ó rí i tí iṣan ọrùn rẹ̀ ń fà, tí èjìká ń gòkè tí ó ń sọ̀, bẹ́ẹ̀ kò gbé nǹkan kan.

Ìyá kan wà tí mo máa ń rántí. Abúlé kan lójú ọ̀nà Oǹdó ló ti wá, gàrí ló ń dín. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, nígbà tí kò tíì lè gbé agbada dá nìkan. Gbogbo ọmọ tó bí ló pọ̀n sẹ́yìn nídìí iná. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti fún un ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò fi kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ hàn rí. Wọ́n ní kó fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ: kó fà á sínú kún dáadáa, kó wá fẹ́ ẹ jáde pẹ̀lú gbogbo agbára títí kò fi ní ku nǹkan. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dá ṣáká, ó kéré tán ìdá 70 nínú 100 èémí náà ló yẹ kó ti jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Tirẹ̀ kò tó ìdajì, lẹ́yìn tí a ti fún un ní oògùn tó ń la ọ̀nà èémí.

Nígbà tí dókítà ṣàlàyé fún un tán, ó wojú mi, ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi ni ẹ ń sọ pé ó ń pa mí yìí?" Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà jẹ́ tíṣà, òun ló ń sanwó ìtọ́jú. Ó bú sẹ́kún níbẹ̀. Ìyá náà padà sílé, ó sì padà sídìí agbada, torí pé kò sí ohun mìíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe, kò sì fẹ́ jókòó ti ọmọ. Ọyẹ́ tó tẹ̀lé e ló kú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní irú òru bẹ́ẹ̀ rèé. Ọ̀nà èémí ti fún tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ó tutù, ó sì ru eruku láti apá Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ibi tí eruku ti ń tú jáde jù lọ ní ayé. Kò mọ sí eruku ọyẹ́ nìkan. Àkókò yẹn náà ni wọ́n ń sun igbó láti múra oko sílẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń sun pàǹtírí nítorí pé ó gbẹ, tí èéfín kò sì ráyè gòkè tó bí otútù bá mú lórí ilẹ̀ láàárọ̀. Bí òtútù imú kékeré bá kún un, ọ̀nà èémí á wú sí i. Ẹran ara tó ń bá wa mí á ṣiṣẹ́ títí á fi rẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ búburú tó yẹ kó jáde á gbára jọ sínú ẹ̀jẹ̀, aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé, àwọn ẹbí á sì rò pé oorun ló ń kùn ún, pé ara ti ń tù ú.

Wọ́n máa ń bẹ̀ wá pé ká ṣí ọ́síjìn sókè sí i. Ó ṣòro láti ṣàlàyé fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń kú pé ọ́síjìn náà lè pọ̀ jù. Fún ẹni tó ní COPD, ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ tí a máa ń fojú sí lórí ẹ̀rọ kékeré tí a fi há wọn níka ni 88 sí 92 nínú 100. Bí a bá gbé e kọjá bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ búburú yẹn lè túbọ̀ gbára jọ. Ẹ jọ̀ọ́, bí nọ́ọ̀sì bá kọ̀ láti ṣí i, ẹ má rò pé ìkà ni.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé èéfín ti wà láti ayébáyé, àwọn baba wa kò sì kú nítorí rẹ̀. Wọ́n kú. Ẹni tó máa kà á ni kò sí. Níbi tí wọ́n ti ń ka òkú, ó hàn gbangba. Ní oṣù Kejìlá 1952, èéfín èédú ilẹ̀ bo ìlú London láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9. Nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Àwọn tó padà ṣírò rẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kó tó 12,000. Àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí àyà wọn ti ní àrùn tẹ́lẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ní 1990 ìjọba Ireland fi òfin de títa èédú ilẹ̀ tó ń rú èéfín ní Dublin, ikú láti ọwọ́ àrùn èémí sì dín kù nílùú náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé nìkan pa ènìyàn 3.2 mílíọ̀nù ní 2020, nǹkan bí 19 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló jẹ́ pé COPD ló pa wọ́n.

Ní Ifẹ̀ tiwa níbí, àwọn dókítà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kópa nínú ìwádìí lórí àrùn yìí tí wọ́n ṣe káàkiri ayé, BOLD ni wọ́n ń pè é. Wọ́n wá àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè láàrin ìlú, kì í ṣe ní ọsibítù, wọ́n ní kí wọ́n fẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Inú mi dùn sí ìwádìí náà, nítorí pé ó lọ bá àwọn ènìyàn nínú ilé wọn kó tó di pé a gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa lóru.

Èmi náà wá rò ó pé ó yẹ kí n lọ bá wọn nídìí ààrò. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo lọ bá ẹgbẹ́ àwọn onígàrí kan tí ọ̀rẹ́ mi wà nínú wọn. Àtíbàbà páànù kan ni gbogbo wọn ń lò, ó rẹlẹ̀, wọ́n sì fi páànù dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta nítorí òjò. Mo ní kí wọ́n gbójú sókè wo òrùlé. Ó dúdú kirikiri, ó ń kán bí ọ̀dà. Mo ní bí àjà yìí ṣe rí ni àyà yín ṣe ń rí, àfi pé a lè ṣí páànù kúrò ká fi òmíràn rọ́pò. Kò sẹ́ni tó fèsì fún ìgbà díẹ̀. Ìyálọ́jà wọn ló wá sọ̀rọ̀: "Nọ́ọ̀sì, a gbọ́, ẹ kú làálàá. Ṣé gáàsì ni ẹ fẹ́ ká fi dín gàrí? Ta ni yóò rà á lọ́wọ́ wa ní iye tí a bá tà á?"

Ọ̀rọ̀ tó sọ kò ní àbùkù. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, mo mọ àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti gbé sílíńdà gáàsì wọn sí kọ̀rọ̀, tí wọ́n padà sórí èédú. Ta ni yóò wá sọ fún onígàrí pé kó ra gáàsì? Nítorí náà a fi gáàsì sílẹ̀, a sọ̀rọ̀ lórí ohun tó wà níkàáwọ́ wọn. A ṣí ẹ̀gbẹ́ méjì àtíbàbà náà, a gbé òrùlé rẹ̀ ga. Mọ́sọ̀n kan tó jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú wọn fi bíríkì amọ̀ mọ ààrò tuntun: ògiri wà láàrin ẹni tó ń dín gàrí àti iná, ìta ni wọ́n ti ń ki igi bọ̀ ọ́, ihò èéfín sì gòkè kọjá òrùlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó igi sábẹ́ páànù kí òjò tó dé, torí pé igi tútù ni ń rú èéfín jù. Wọn kò fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù àti àkísà bàtà dáná mọ́. Ìhá tàbí èèpo igi gbígbẹ ni wọ́n ń lò. Ọmọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn ìyá nídìí agbada, ìyá àgbà kan ló ń bá wọn tọ́jú àwọn ọmọ lábẹ́ igi máńgòrò.

Ojú kò ta wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, mo sì rí i. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ó ti tán. Ní Màláwì, wọ́n fún ọ̀pọ̀ ilé ní ààrò tó dára jù, àbájáde tó jáde ní 2017 sì fi hàn pé òtútù àyà àwọn ọmọdé kò tìtorí rẹ̀ dín kù. Ìdí tí wọ́n rò fún un ni pé èéfín pàǹtírí àti ti àwọn aládùúgbò ṣì yí wọn ká. Ní agbègbè Xuanwei ní ilẹ̀ Ṣáínà, ilé tí wọ́n ṣe ihò èéfín sí ààrò wọn, COPD dín kù níbẹ̀ láàrin ọdún mélòó kan. Èmi rò pé ohun tí méjèèjì ń sọ kò takora: ihò èéfín ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí àdúgbò bá ń sun ọ̀rá náílọ́ọ̀nù lójoojúmọ́, kò ní tó. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ní 2021 ni pé kí PM2.5 má ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan bí a bá pín in lọ́dún, kó má sì ju 15 lọ lójúmọ́. Ọjọ́ ọyẹ́ líle nìkan ń fò kọjá èyí ní ìlọ́po-ìlọ́po, ká má tíì dá iná kankan.

Ẹni tí àyà rẹ̀ ti bàjẹ́ náà ṣì lè rí ìrànlọ́wọ́. Bàbá kan ní Mọdákẹ́kẹ́ ń ṣe búrẹ́dì, ààrò onígi ńlá ló ń dúró tì lóru. Ìyàwó rẹ̀ ló fọwọ́ líle mú un títí ó fi kúrò nídìí iná, tó wá ń gbé búrẹ́dì kiri fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Èémí rẹ̀ kò padà sí ti tẹ́lẹ̀; bó bá ń gun òkè, ó gbọ́dọ̀ dúró sinmi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọyẹ́ ló ti kọjá tí a kò gbà á sí wọ́ọ̀dù. A kọ́ ọ láti máa fún ètè pọ̀ bó bá ń mí jáde, kó mí jáde pẹ́ ju bó ṣe mí sínú lọ, kí afẹ́fẹ́ tó há lè ráyè jáde. Kò náni ní kọ́bọ̀.

Ínhélà, oògùn èémí tí a ń fi ẹnu fà sínú àyà, ni ó náni. Ní 2023 ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń kó èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù wọlé kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà, owó rẹ̀ sì gbéra sókè. Mo rí àwọn aláìsàn tó ń fi ọ̀kan pín pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn. Nítorí pé ó ti wọ́n, ẹ má jẹ́ kó ṣòfò: kí aláìsàn kọ́kọ́ mí jáde, kó fi ẹnu bo ó, kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń fa èémí sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó wá di èémí mú bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá èémí rẹ̀ mu, a máa ń lu ìdí ike omi 500 ml, a ó ki ínhélà bọ ibẹ̀, kó máa mí láti ẹnu ike náà.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú ilé láàárọ̀ tí eruku bá ki, kí ẹlòmíràn dáná fún wọn. Aṣọ tí a rẹ sínú omi bo imú kò dá PM2.5 dúró. Ìbòmú N95 ló ń dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí èémí rẹ̀ ti kúrú gan-an lè má lè fara dà á, ẹ bi dókítà. Bí ètè tàbí èékánná bá ń dúdú, bí kò bá lè parí gbólóhùn kan, bí ínhélà kò bá mú un rọrùn, tàbí tó bá ń tòògbé lọ́nà tí kò yé yín, ẹ má dúró de kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ ti bá awakọ̀ kan ládùúgbò sọ̀rọ̀ kí oṣù Kejìlá tó wọlé, kí ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì fi káàdì ọsibítù ìyá síbi tí gbogbo ilé mọ̀.